Iṣẹ́ Tí N Kò Jẹ́ Lórí Táyà Ẹ̀yìn

Ọkọ̀ tí ọkọ mi gbé bọ̀ láti òkè òkun kò ní ju ìjókòó méjì lọ. Ó ti ń gùn ún kí ó tó fẹ́ mi. Ọkọ̀ eré ni, ó pẹlẹbẹ, ó sún mọ́ ilẹ̀ débi pé bí o bá jókòó sínú rẹ̀, ìbàdí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ojú rẹ máa ń tó. Nígbà tí mò ń sọ yìí, Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọkọ mi jẹ́ ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní iléèwé girama kan ní Ọ̀kà. Ọ̀kà náà ni à ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ìlú rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti bí èmi; bàbá mi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kéú ní ojúde ilé wa.

Ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ènìyàn méjì ló fà wọ́n jáde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní, "Ọkọ̀ rẹ dára, ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò lè máa jáde láti inú ihò ní ọjọ́ ogbó mi." Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ibi gbogbo.

Èmi kò lè sọ pé n kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Ní ọdún tí a ṣe yìgì, a máa ń gbé e lọ sí Ìpè tàbí Ìkàrám ní ọjọ́ Àìkú láìní ohunkóhun tí a fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá ti tẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ó sáré díẹ̀ sí i." Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Mo sọ èyí kí ó má baà dà bí ẹni pé òun nìkan ló fẹ́ eré.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ó fi táyà tuntun sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó kíyè sí i pé táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti fá, tí ti iwájú sì wà bí ẹni pé àná ni wọ́n rà wọ́n. Inú bí i. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe fọkanáísà ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àrìgìdì, èmi náà sì bá a lọ.

Ọmọ Àrìgìdì ni bàbá náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ páànù rẹ̀. Kì í fi "ẹ̀yin" pe ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo ara ọmọ bóyá ó gbóná.

"Ẹnjiníà, kì í ṣe ayédèrú," ni ó wí. "Ta ló sọ fún ọ pé yóò pẹ́?"

"Ní ọ̀hún, wọ́n ní yóò lò tó ọdún méjì, ó kéré tán."

"Ṣé òkè Ọ̀kà wà ní ọ̀hún?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọkọ̀ bí irú èyí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń tì. Ẹsẹ̀ iwájú kàn ń júwe ọ̀nà ni. Ìgbàkígbà tí a bá tẹ ọkọ̀ náà kí ó sáré, tàbí tí ó bá ń pọ́n òkè, ẹ̀yìn ló ń fi ojú họ ilẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ tún rọ̀ ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ. Rírọ̀ náà ló fi ń di ọ̀nà mú, rírọ̀ náà ló sì fi ń tètè jẹ. Táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú, nítorí náà a kò lè gbé ti iwájú sẹ́yìn kí a gbé ti ẹ̀yìn síwájú bí àwọn onítakisí ti máa ń ṣe.

"Oṣù mélòó ni kí n máa retí nígbà náà, Bàbá?"

"Ó kù sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ. Bí o bá rọra, ọdún méjì yóò pé. Bí o kò bá rọra, o ti rí oṣù mẹ́jọ."

Ó ṣẹ́ igi ìṣáná kan, ó ti orí rẹ̀ bọ inú ọ̀kan nínú ilà ojú táyà iwájú. Orí ìṣáná náà wọlé tán. Ó tì í bọ ti ẹ̀yìn, gbogbo orí pupa náà sì yọ síta. Ó ní, "Ìgbà tí orí rẹ̀ bá ti yọ báyìí, táyà ti parí, kódà bí ojú rẹ bá ṣì ń rí ilà. Kò ní lè ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀ mọ́."

Irú táyà náà kò sí ní Ìkàrẹ́. Èkó ni ọkọ mi máa ń ránṣẹ́ sí, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé. Àwọn méjì tó tẹ̀ lé e lo oṣù méje. Ọkọ mi kò yí ẹsẹ̀ padà, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wa ni mo lóyún. A ti ń retí rẹ̀, nítorí náà gbogbo ilé ló ń tọ́jú mi bí ẹyin. Oyún náà wọ oṣù keje nígbà tí òjò ti ń rọ̀ gan-an, táyà ẹ̀yìn sì tún ti ń fá. Ọkọ mi mọ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí Èkó, ó sì rò pé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yóò fara dà á títí tuntun yóò fi dé. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, mo ní kí ó máa wọ takisí lọ síbi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Lójoojúmọ́ ni o máa ń rí ẹ̀sùn kà sí ọkọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Kí ló fi ṣe ọ́?"

Ohùn tó fi sọ ọ́ dùn mí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé láti ọjọ́ náà lọ, n kò ní dárúkọ ọkọ̀ náà mọ́. Kí ó fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, mo wọ takisí lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ ra aṣọ ọmọ àti láti kí ìyá mi. Bí mo ti ń kọjá, fọkanáísà náà pè mí. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà.

"Tíṣà, ọkọ rẹ dúró fẹ́ atẹ́gùn sí táyà níbí lánàá. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ti ń lọ kí n tó wò ó dáadáa. Bí ó ṣe ń gun orí gọ́tà jáde ni mo rí abẹ́ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn apá òsì ti jẹ nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kì í tó. Okùn inú rẹ̀ ti ń yọ. Òun fúnra rẹ̀ kò lè rí i bí kò bá dọ̀bálẹ̀."

"Màá sọ fún un, Bàbá."

"Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e bọ́ sínú òjò rárá. Kí ó gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí tuntun yóò fi dé. Jẹ́ iṣẹ́ náà bí mo ṣe rán ọ."

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. N kò lè sọ pé mo gbàgbé, nítorí pé n kò gbàgbé. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi jẹun láìsọ̀rọ̀, èmi náà kó àwo láìsọ̀rọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá mú ọ̀rọ̀ táyà wá, yóò ní ẹjọ́ àná ni mo tún gbé dé, pé mo ti lọ bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ òun. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la tí mo wí ni Jímọ̀. Ọkọ mi ní iṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, ó sì ní kí n jẹ́ kí a jọ lọ, kí òun lè kí Jímọ̀ pẹ̀lú bàbá mi. Òun ló kọ́kọ́ rẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kì í bẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun ó ra àgbàdo sísun, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yín in sínú àtẹ́lẹwọ́ mi nínú ọgbà bàbá mi, ó ń bi mí bóyá ọmọ náà ń ta ẹsẹ̀. Ó pẹ́ tí inú wa ti dùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀run ṣú níhà Ọ̀kà. Bàbá mi ní, "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí òjò yìí rọ̀ dá?" Ọkọ mi ní a ó ti délé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi wà lẹ́nu mi. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àgbàdo tó yín fún mi, ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ń sọ, gbogbo rẹ̀ yóò bàjẹ́. Mo ní bí a bá délé, màá sọ fún un. A kò tí ì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú sí i, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ rọra o."

Ó ní, "Mò ń rọra."

Òótọ́ ló sọ. Ó ń rọra. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn Ọ̀kà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé eré ló ń sá. Ní ọjọ́ náà kò sáré rárá. A dé ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́ tí ó sì ya sí ọ̀tún lábẹ́ àpáta. Mo gbọ́ tí nǹkan bẹ́ lẹ́yìn wa, kò tilẹ̀ ró púpọ̀. Ìdí ọkọ̀ náà yọ̀ kúrò lábẹ́ wa bí ìgbà tí ènìyàn bá fa ẹní lábẹ́ ẹni tó jókòó. Ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, mo rí Ìkàrẹ́, mo rí Ọ̀kà, mo tún rí Ìkàrẹ́. Lẹ́yìn náà ni apá ọ̀dọ̀ mi gbá àpáta.

Ẹ̀jẹ̀ kò kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ń tọ́jú iṣu lóko nítòsí sáré wá, ọkùnrin kan sì fi ọkọ́ já ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣáájú ìrun mùgúrùbá ọjọ́ náà, ọmọ náà ti jáde, kò sì ké. Wọn kò fi hàn mí. Ìyá mi bò mí lójú pẹ̀lú gèlè rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì gbé e kọjá. Bí àṣà wa ti rí nìyẹn, pé òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. N kò béèrè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọkọ mi kán lápá kan, wọ́n dì í mọ́ ọn láyà. Ó jókòó ní ìdí ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Mo mọ̀ pé táyà náà ti ń fá, mo sì rò pé yóò fara dà á." Mo dákẹ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ọ̀fọ̀ ló jẹ́ kí n dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, fọkanáísà náà wá kí wa ní Ọ̀kà. Ó wọ aṣọ mímọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sí etí àga, ó sì mú fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Ọkọ mi tún sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un bí ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àlejò: "Bàbá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. N kò mọ̀ pé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá náà gbójú sókè, ó wò mí. Mo wolẹ̀. Ó mọ̀ nígbà náà pé n kò jẹ́ iṣẹ́ òun. Ó lè sọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀.

"Ẹnjiníà, ó jẹ nínú ni," ni ó wí. "Kò sí bí ìwọ ìbá ṣe rí i. Ẹ kú ewu. Ọlọ́run yóò fi òmíràn dípò."

Ó dìde, ó sì lọ. Títí tó fi kú, kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, kò sì bi mí. Bí mo bá kọjá níwájú páànù rẹ̀, yóò kí mi bí ó ti ń kí mi tẹ́lẹ̀. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe. Táyà tuntun tó ti ń bọ̀ láti Èkó dé ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Ọkọ mi fi wọ́n sí i, ó sì ń wa ọkọ̀ náà láti ìgbà náà bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yà á sílẹ̀ lórí ọ̀nà tó tẹ́. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí ó tó wẹ̀, yóò mú ìṣáná jáde, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, yóò máa ti ìṣáná bọ inú ilà táyà, ní ìta, ní àárín, ní inú lọ́hùn-ún. Èmi yóò dúró lójú fèrèsé, n ó máa wò ó. Àwọn táyà ẹ̀yìn méjì yẹn lo ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀. Wọn kò tí ì parí nígbà tí ó ta ọkọ̀ náà, nítorí pé a ti bí ọmọ, a sì nílò ọkọ̀ tó ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa lẹ́yìn ìyẹn. A tọ́ wọn, wọ́n lọ. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì, èmi náà fẹ̀yìn tì. N kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo rò pé ó ti tètè jù láti sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó ti pẹ́ jù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àlàásárì, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ọ̀kà. Àkọ́bí wa ọkùnrin pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti ra ọkọ̀ eré ní ibi tó ń gbé, ó sì ń bi í pé báwo ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Mo rò pé ọkọ mi yóò sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún fún un. Ohun tó sọ ni pé, "Má bi mí bí ó ṣe máa pẹ́ tó. Dọ̀bálẹ̀ wò ó. Wo inú lọ́hùn-ún. Èmi tí n kò wò ó, ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi pa."

Ọmọ wa kò mọ ohun tó ń sọ. A kò sọ fún wọn rí pé ẹnìkan ṣáájú wọn. Ọkọ mi gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì ń wo òkè. Ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Mo rí i pé yóò gbé e lọ sí sàréè.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin. Bàbá fọkanáísà rán mi sí yín ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní ó ti jẹ nínú, ó ní ẹ kò gbọdọ̀ gbé e bọ́ sínú òjò. N kò jẹ́ iṣẹ́ náà."

Ó yíjú sí mi. Ó dìde, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn rọra. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Mo se oúnjẹ, ó jẹ ẹ́. N kò bẹ̀bẹ̀, nítorí pé n kò mọ irú ẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn ń bẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ní kí n sọ ohun tí bàbá náà wí fún òun, bí ó ti wí i gan-an. Mo sọ ọ́, láti orí gọ́tà dé orí òjò. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"A ti jà lórí ọkọ̀ náà. Nígbà tí a parí ìjà, n kò fẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ mí. Ká ní o sọ, ṣé n ó gbọ́?"

N kò mọ̀ bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, tàbí ó kàn fẹ́ bá mi gbé apá kan ẹrù náà ni. Mo ti rò ó títí, n kò tí ì mọ̀. Mo kàn ní, "Bóyá ẹ ó gbọ́." Ó ní, "Bóyá." A kò sì fi kún un.

Nígbà náà ni ó ní kí n wọ bàtà. Ó mú mi gba ẹ̀yìn ilé àwọn bàbá rẹ̀ kọjá, a gun òkè díẹ̀, a dé ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí lẹ́bàá àpáta ńlá kan. Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà láàárín àpáta náà àti igi ọsàn. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó ní bàbá mi ló wẹ̀ ẹ́, tó fi aṣọ funfun dì í, tó kírun sí i lára, òun sì fi apá kan tó ṣẹ́kù gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣà kò gbà á fún òbí. Wọ́n jọ fẹnu kò pé wọn kò ní sọ fún mi.

Mo bi í bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ó ní obìnrin ni.

Ó sọ orúkọ tí bàbá mi fún un fún mi. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo ka Fátíhà, mo pè é lórúkọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi dúró lẹ́yìn mi títí mo fi ṣe tán, ó na ọwọ́ sí mi kí n lè dìde, a sì padà sílé lọ jẹun òwúrọ̀.